Nígbà tí ara bá ń bá yàrá lọ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ

Aláàkàrà ni obìnrin yìí, ẹni ọdún 41, ní ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Orí ti ń fọ́ ọ láti oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Panadol ló fi ń rọ́jú ìyẹn. Ojú ni. Ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, ọ̀kadà tó bá sì gba ẹ̀gbẹ́ yọ, kì í rí i àfi tó bá ti dé iwájú rẹ̀ gan-an. Ó ti ra awò ojú lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìyàtọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún méjì, wọ́n ní ọjọ́ orí ló fà á.

Nígbà tí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbẹ́ òde ojú méjèèjì ló ti ṣókùnkùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ awò. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan ń tẹ ibi tí iṣan ìríran ojú ọ̀tún àti tòsì ti pàdé lábẹ́ ọpọlọ. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi kókó kan hàn níbẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 3.8: apá kan jẹ́ àpò omi, apá kan le, CT, ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn, sì rí wóróworo bí ẹfun nínú èyí tó le náà. Craniopharyngioma ni. Kókó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ibùgbé rẹ̀ ló burú. Orí pituitary, ẹṣẹ́ kékeré tó ń tú họ́mọ̀ònù jáde lábẹ́ ọpọlọ, ló ń jókòó sí, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ hypothalamus bí ọbẹ̀ tó jóná ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Hypothalamus yìí kò wúwo ju bíi gírámù 4 lọ, síbẹ̀ òun ló ń darí òùngbẹ, ebi, oorun, àwọn họ́mọ̀ònù, àti bí ara ṣe ń gbóná tó.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ti sọ púpọ̀. Cortisol àárọ̀ rẹ̀, họ́mọ̀ònù tí ara fi ń kojú ìnira, jẹ́ 96 nmol/L, ó kéré jọjọ. Free T4, họ́mọ̀ònù tairọ́ìdì, jẹ́ 8.1 pmol/L, èyí tó yẹ kó ju 12 lọ ní láàbù náà. TSH rẹ̀, họ́mọ̀ònù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún tairọ́ìdì, jẹ́ 2.1, ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan yóò ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni TSH ṣe ń tan ènìyàn nígbà tó bá jẹ́ pé òkè ni ìṣòro wà: pituitary tó ń ṣàìsàn kò lè pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ hydrocortisone, tó ń rọ́pò cortisol, wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tó fún un ní levothyroxine, tó ń rọ́pò T4. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ní levothyroxine, yóò mú kí ara tètè lo ìwọ̀nba cortisol tó kù, aláìsàn lè wó lulẹ̀.

Ohun kan wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Àárọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ 35.0 gẹ́gẹ́ bí ìgbóná ara rẹ̀. Tẹmomítà onígíláàsì ni wọ́n ń lò ní wọ́ọ̀dù náà, 35 sì ni nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ wà ní 33, ibi 35 náà ni ìlà ìsàlẹ̀ yóò dúró sí lójú ẹni tó ń kà á. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iṣẹ́ abẹ àti ibà tó kọ́kọ́ wá

Wákàtí 7 ni wọ́n lò. Wọ́n ṣí agbárí láti apá ọ̀tún, wọ́n fa omi inú àpò náà, tó rí bí epo mọ́tò tó ti lò gbó, wọ́n sì yọ èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó le. Wọ́n fi pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ hypothalamus sílẹ̀ fún ìtọ́jú onítànṣán, torí fífà á tu yóò fa ẹran ọpọlọ yọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n kókó náà ti wọ inú hypothalamus lọ́tùn-ún àti lósì tipẹ́, ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìtọ̀ ti ń dà bí omi ẹ̀rọ: 450 ml láàárín wákàtí kan, ó mọ́ gaara. Sodium, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, gòkè dé 151. Wọ́n gún un ní desmopressin, oògùn tó ń dá ìtọ̀ dúró, máíkírógírámù 1, ìtọ̀ rọlẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, ọ̀rọ̀ yí padà: sodium já sí 127, nítorí họ́mọ̀ònù tó ń dá ìtọ̀ dúró, èyí tó kù nínú pituitary tó fara gbọgbẹ́, ń tú dànù láìsí àkóso. Wọ́n dá desmopressin dúró, wọ́n sì dín omi rẹ̀ kù. Ọjọ́ kẹwàá, ìtọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì dáwọ́ dúró mọ́ láìsí oògùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ìpele mẹ́ta yìí dáadáa. Ìgbóná ara ni kò bá àṣà kankan mu.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná dé 39.4. Ó dúró síbẹ̀ gbọnin, kò gòkè kò sọ̀, òógùn kankan kò sì jáde. Paracetamol gírámù 1 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà kò mú un kúrò lójú kan. Ibà lẹ́yìn tí a ṣí agbárí, yírùnyírùn, àrùn awọ tó bo ọpọlọ, ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Wọ́n ṣe CT, wọ́n fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn: sẹ́ẹ̀lì funfun 180, glucose kò lọ sílẹ̀, kò sí kòkòrò kankan lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò, ceftriaxone àti vancomycin, lójú ẹsẹ̀, wọn kò dúró de èsì. Lẹ́yìn wákàtí 72 tí kòkòrò kankan kò hù, wọ́n dá a dúró. Èrò wọn ni pé omi inú kókó náà, tó kún fún ọ̀rá cholesterol, ló ta sí awọ tó bo ọpọlọ, tó sì ń ta á bí ata. Dexamethasone ni wọ́n fún un. Ọjọ́ karùn-ún, ara tutù.

Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì nínú àlàyé yẹn jẹ́ òótọ́, torí sẹ́ẹ̀lì 180 kò ṣàdédé wá. Ṣùgbọ́n ohun méjì tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún: wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé síbẹ̀, wọ́n sì tún ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìtọ́jú àkànṣe ṣe, èyí tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kejì. Ìwé aláìsàn kò sọ èyí. Ìwé àwọn ẹlẹ́rọ ló sọ ọ́, nígbà tí ẹnì kan lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

"Lo"

Ọjọ́ kẹjọ, aago márùn-ún ìdájí. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní 18. Nọ́ọ̀sì alẹ́ pè é, kò dáhùn dáadáa. Ó kàn mirí. Wọ́n fi tẹmomítà oníbátìrì há a lábíyá, ó kọ "Lo". Nọ́ọ̀sì rò pé bátìrì ti kú, ó pààrọ̀ rẹ̀. "Lo" náà ni. Ó lọ mú onígíláàsì, ó kọ 35.0 sílẹ̀.

Ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì yìí. "Lo" kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì, ó túmọ̀ sí pé ara tutù kọjá ibi tí ẹ̀rọ náà lè kà, tí í ṣe nǹkan bíi 32 lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ẹnikẹ́ni níbí pé kí ó máa retí ara tó tutù? Ibà la fi kọ́ gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò gbà. Kò wo tẹmomítà rárá. Ó ti ẹ̀yìn ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fi kan ikùn obìnrin náà. Ikùn tutù bí omi àmù. Ìlù ọkàn jẹ́ 44 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá 90/55. Wọ́n lọ yá ọ̀pá ìwọ̀n ti yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tó ń gba ìdí wọlé tó sì ń kà jìnnà sísàlẹ̀: 31.2. ECG, àyẹ̀wò iná ọkàn, fi ìgbì kékeré kan hàn tó yọ lẹ́yìn QRS, ìgbì ńlá ti ìlù ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbì Osborn, àmì ara tó ti tutù jù.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn rí ni èyí: kò gbọ̀n. Ara tó wà ní 31.2 lè ti rẹ̀ débi tí kò fi ní gbọ̀n mọ́, lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó di 33 tó sì la ojú, kò gbọ̀n síbẹ̀, irun apá rẹ̀ kò sì dìde.

"Ṣé òtútù ń mú yín, mà?"

"Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá."

Wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bò ó, wọ́n sì mú omi tó ń wọ iṣan rẹ̀ gbóná dé nǹkan bíi 40. Atẹ́gùn oxygen náà, èyí tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin ni wọ́n fún un. Ẹnì kan fẹ́ gbé rọ́bà omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un: awọ ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa máa ń jóná kí olóhun tó mọ̀, pàápàá ẹni tí kò mọ òtútù mọ ooru mọ́. Wọn kò sáré. Nǹkan bíi 0.6 ní wákàtí kan ni ara rẹ̀ ń gòkè, torí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá lè já, ẹ̀jẹ̀ tútù láti ẹsẹ̀ á sì tún tú padà sí ọkàn. Hydrocortisone miligírámù 100 wọ iṣan, torí ẹni tí kò ní cortisol tirẹ̀ kò lè rí ọwọ́ fi gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Aago kan ọ̀sán, 35.6.

Ìbéèrè tó kù ni ìdí rẹ̀. Levothyroxine tó kéré máa ń mú ara tutù, àìtó cortisol náà ń ṣe é, sodium 129 lè mú kí ènìyàn tòògbé, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú ara àwọn kan tutù dípò kó gbóná. Wọ́n yẹ gbogbo wọn wò. Free T4 ti dé 11.9, cortisol ti ní ìrànwọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò hu nǹkan kan. Kò sí èyí tó tó láti mú ara já dé 31.

Tẹmomítà ògiri

Ohun tó tú àdììtú yìí kò ju nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Wọ́n gbé tẹmomítà ògiri kan kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀, yàrá lápá òsì, ara lápá ọ̀tún. Iná ìjọba kò fún wọn ní yàrá tó dúró lójú kan, ìyẹn sì dára fún iṣẹ́ yìí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní àárọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, yàrá 19, ara 34.1. Yàrá 24, ara 35.7. Yàrá 26, ara 36.4. Lọ́sàn-án tí iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ń dúró de ìbuwọ́lùwé, yàrá 32, ara 38.5. Alẹ́ àti ọ̀sán kò yí nǹkan kan padà fúnra wọn. Ara ènìyàn máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìdájí kó sì gòkè ní ìrọ̀lẹ́, ti obìnrin yìí kò mọ ìyàtọ̀. Yàrá nìkan ló ń tẹ̀ lé, bí alángbá tó ń yá oòrùn lórí ògiri.

Ìdí rẹ̀ rèé. Apá iwájú hypothalamus ló ń tọ́ ooru ẹ̀jẹ̀ wò, òun náà ló ń pàṣẹ fún òógùn àti fún ẹ̀jẹ̀ kí ó sún mọ́ awọ. Apá ẹ̀yìn ni àṣẹ gbígbọ̀n àti dídi ooru mú máa ń gbà kọjá. Bí iwájú nìkan bá bàjẹ́, ara a máa gbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òógùn pẹ̀lú ń gba ẹ̀yìn kọjá lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wá bàjẹ́ lápá méjèèjì, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ kankan mọ́. Ìwà náà bà jẹ́ pẹ̀lú: ènìyàn tó ń gbóná máa ń wá ibòji, ẹni tí òtútù ń mú máa ń wá aṣọ. Obìnrin yìí kò wá nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí Paracetamol fi já kulẹ̀. Nínú ibà gidi, kẹ́míkà kan tí ara ń ṣe, prostaglandin, ló ń gbé òṣùwọ̀n ọpọlọ sókè, Paracetamol sì ń dí ọ̀nà kẹ́míkà náà. Níbi tí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti fọ́, kò sí ohun tí Paracetamol fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Òùngbẹ náà ti lọ. Pẹ̀lú sodium 149, wọ́n gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò wò ó. Nítorí náà nígbà tó ń lọ sílé ní ọjọ́ 24, omi náà di ohun tí wọ́n ń wọ̀n: lítà 2 lójúmọ́, pọ́wọ̀tà 4 tó jẹ́ 50 cl, aago mẹ́rin tí a yàn, òùngbẹ gbẹ ẹ́ o, kò gbẹ ẹ́ o. Ìwọ̀n ara ní àràárọ̀. Bí ó bá fi kílógírámù 1 yàtọ̀ ní ọjọ́ kan, omi ni. Sodium lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì. Hydrocortisone miligírámù 10, 5, 5. Levothyroxine máíkírógírámù 100. Desmopressin oníhóró 0.1 miligírámù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Iná àkàrà

Oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bọ́ sí ìgbà ooru, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó padà sídìí agbada. Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún un; wọ́n ti sọ fún un nípa òtútù títí etí rẹ̀ fi kún, nítorí òtútù ló dẹ́rù bà wọ́n nílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì, ó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí. Ara rẹ̀ wà ní 40.6.

Ara gbígbóná, ó ń bì, ó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan: wọ́n ní ibà màléríà ni. Wọ́n gún un ní artemether láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n gún un ní Paracetamol. Nítorí èébì, wọ́n fi promethazine kún un, oògùn tó tún ń dí òógùn lọ́wọ́. Wọ́n sì fa dírípù dextrose 5% sí i lára, báàgì mẹ́ta láàárín wákàtí 14, àwọn ẹbí sì ń fún un ní pọ́wọ̀tà lẹ́nu torí wọ́n ti gbọ́ pé kò gbọdọ̀ ṣàì mu omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olóòótọ́ ẹ̀dá, kò jẹ́ kí desmopressin rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni ikú ti fẹ́ mú un. Ṣúgà inú dextrose 5% kì í pẹ́ tán nínú ara, omi lásán ló ń kù, desmopressin sì ti sé ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ omi náà. Ó gìrì ní òru. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, sodium jẹ́ 122. Ara ṣì wà ní 39.8. Àyẹ̀wò màléríà oníkíá kò rí nǹkan, ti máíkírósíkóòpù kò rí nǹkan, CRP, àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gòkè bí kòkòrò àrùn bá wà, jẹ́ 4.

Hydrocortisone miligírámù 100 wọ iṣan. Omi iyọ̀ 3%, 150 ml ní ogún ìṣẹ́jú. Gìrì kò padà wá mọ́, sodium dé 127. Wọ́n bọ́ ọ láṣọ, wọ́n rẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi lásán, kì í ṣe omi yìnyín, wọ́n fi bò ó, wọ́n tan fáànù méjì sí i, wọ́n ń rẹ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ omi lára ló ń gbé ooru lọ, ìyẹn ni ohun tí òógùn rẹ̀ ì bá ti ṣe. Láàárín wákàtí méjì, 38.2. Wọ́n dá aṣọ tútù dúró ní 38 géérégé, torí ara tí kò ní bíréékì lè yọ̀ kọjá lọ sí òdìkejì.

Ọwọ́ ẹnì kan ti fẹ́ kọ "dá desmopressin dúró" sínú fáìlì. Wọ́n dá a lẹ́kun. Bí desmopressin bá tán lára, ìtọ̀ yóò tú bí odò, sodium yóò sì fò láti 127 dé 140 kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́ ju gìrì lọ. Wọ́n ń fún un nìṣó, omi ni wọ́n dín kù, sodium sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kò ju 8 lọ láàárín wákàtí 24.

Òtútù tí kì í ṣe ti yàrá

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún un ní tẹmomítà tó ń kà sísàlẹ̀ dáadáa àti ti ògiri, wọ́n sì kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà méjì náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ọmọ náà kọ wọ́n sínú ìwé ìkọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́. Nínú oṣù keje, nígbà òjò, ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù: yàrá 28, ara 34.6. Nínú ìwé náà, gbogbo ìgbà tí yàrá ti jẹ́ 28 rí, ara kò lọ sísàlẹ̀ 36.8 rí. Màmá òun kàn ń sùn jù ni, ó ní, kò wúkọ́ púpọ̀.

CRP jẹ́ 168. Fọ́tò àyà fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ti funfun nísàlẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró gidi, láìsí ibà kankan. Ní wọ́ọ̀dù èyíkéyìí tó ń dúró de 38 kó tó fura, ojú wọn ì bá má rí i títí ìfúnpá á fi já. Ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló rí i, nítorí pé ó mọ ibi tó yẹ kí ara wà ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin yìí, MRI pẹ̀lú, kò sí èyí tó rọ̀ lówó tó bẹ́ẹ̀ tó tún sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́

Ẹ má pe ibà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ní ti ọpọlọ títí ẹ ó fi yẹ awọ tó bo ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀, ojú ọgbẹ́ àti dídì ẹ̀jẹ̀ nínú ẹsẹ̀ wò. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti mọ́ lẹ́yìn náà lẹ tó lè sọ ọ́. Àmọ́ ẹ gbé tẹmomítà ògiri kọ́ láti ọjọ́ kìíní, torí kò ní ohun tó ń ná yín, ẹ kò sì lè padà lọ wá nọ́ńbà yàrá ọjọ́ kejì ní ọjọ́ kẹjọ. Tẹmomítà onígíláàsì kò wúlò fún aláìsàn yìí. Èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí, tó pọ̀ láti ìgbà COVID, awọ ló ń kà. Lábẹ́ fáànù tàbí lẹ́yìn oòrùn, irọ́ ni yóò pa.

Yàrá tó bá a mu jù nínú ìwé tirẹ̀ wà láàárín 26 sí 28. Ti aláìsàn mìíràn lè yàtọ̀. Ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ṣọ́ chlorpromazine àti ọtí, tó ń jẹ́ kí ara tutù, ẹ sì ṣọ́ promethazine àti hyoscine, tó ń dí òógùn lọ́wọ́, nígbà ooru. Ní ìgbà ọyẹ́, fìlà, sọ́kìsì àti aṣọ ìbora ló yẹ. Ìkòkò èédú nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ti ṣekú pa àwọn tí ara wọn pé. Lábẹ́ páànù tí kò ní sílíǹgì, yàrá a máa kọjá 35 lọ́sàn-án, kí wọ́n gbé e jáde sábẹ́ igi.

Òfin ọjọ́ àìsàn ló le jù láti kọ fún un. Àwọn aláìsàn tó ń lo hydrocortisone, a máa ń sọ fún wọn pé bí ara bá gbóná, kí wọ́n sọ oògùn di ìlọ́po méjì. Bí obìnrin yìí bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán tó gbóná, àpọ̀jù steroid, ìyẹn hydrocortisone náà, yóò pa á lára. Bó bá sì dúró de ibà kó tó ṣe é, àrùn ẹ̀dọ̀fóró yóò kọjá lójú rẹ̀. Wọ́n tún òfin náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ṣeé lò. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ ló ń dín àkàrà, òun ń wọn ẹ̀wà ó sì ń gba owó, ní ìta, níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ni káàdì kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá bò:

"Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún mi. Ara mi ń tẹ̀ lé yàrá. Ẹ wo yàrá kí ẹ tó wo ara.

Ara ju 37.5 lọ: ibòji, aṣọ tí a rẹ sómi, fáànù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Bí kò bá sọ̀, tàbí tó bá dé 39, tàbí tí mo bá ń bì: hydrocortisone ìlọ́po méjì, kí ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oògùn kò bá dúró nínú: abẹ́rẹ́ hydrocortisone miligírámù 100.

Ara kéré sí 35, tàbí kò bá ìwé mi mu: bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wá kòkòrò àrùn, kódà bí kò bá sí ibà.

Mo ń lo desmopressin. Ẹ má fa dextrose sí mi lára láìyẹ sodium wò."